Ère Kékeré, Ọ̀dà Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nínú Kíkun Jagunjagun Orí Tábìlì

Ìbéèrè kan tí màmá mi bi mí nílé wa ní Ìjagun ló bí ọ̀rọ̀ òní. Mo to ère kéékèèké mẹ́fà sí ojú fèrèsé kí ọ̀dà ara wọn lè gbẹ. Kò sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ mi lọ nínú wọn: tafàtafà kan, bàbá arúgbó onídán kan tó mú ọ̀pá dání, ẹlẹ́ṣin kan, obìnrin kan tó gbé ọ̀kọ̀, àti ẹranko abàmì méjì. Màmá wọlé, wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n ní: "Kí ni ère ń wá nínú ilé mi? Ta lo fẹ́ máa bọ?"

Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn kò jọ ti ẹni tó ń ṣeré. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rẹ̀ síná kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méje péré, màá ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ bo àwọn ère náà. Àlàyé tí mo kó jọ láàárín ọjọ́ méje yẹn ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe gan-an?

Eré ni. Ẹ rántí lúdò tàbí ayò ọlọ́pọ́n. Nínú lúdò, ọmọ ayò kan kò yàtọ̀ sí èkejì àyàfi nípa àwọ̀. Nínú eré tí mò ń sọ yìí, ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ní ojú, ó ní aṣọ, ó ní ohun ìjà, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ ó ju ọmọ dáìsì, iye tó bá sì mú wá ni yóò sọ bóyá ọfà yín bá ọ̀tá tàbí ó tàsé. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Games Workshop bẹ̀rẹ̀ ní London, Warhammer tiwọn sì jáde ní 1983.

Ike eléérú lásán ni ọ̀pọ̀ ère wọ̀nyí máa ń jẹ́ tí ẹ bá rà wọ́n. Ẹni tó rà á ni yóò kùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa há sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní London ló fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi. N kò tíì borí nínú eré yẹn rí, tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, àmọ́ tí mo bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì dání báyìí, wákàtí mẹ́ta á lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan ti ṣe é ṣáájú wa

Níbi tí mo ti ń wá ohun tí màá sọ fún màmá ni mo ti bá orúkọ Thomas Ona Odulate pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú orúkọ yìí lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, agbẹ́gilére ni, ìlú Èkó ló sì ti ṣiṣẹ́ láàárín àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Kò gbẹ́ òrìṣà fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó dé akẹtẹ̀ ńlá ló ń gbẹ́, àti lọ́yà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, adájọ́ onírun funfun, òyìnbó ajíhìnrere, òyìnbó tó ń gba bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin, àti ọba Yorùbá pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ère kéékèèké ni gbogbo wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tó fi ń kùn wọ́n: tàdáwà dúdú, tàdáwà pupa, àti pọ́líìṣì funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà. Ó tán. Ibi tó bá fẹ́ kó dà bí ara igi, ó fi igi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, British Museum ní London wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tó ṣèwádìí púpọ̀ nípa Yorùbá, bá a sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó ti gbà pé ṣe ló ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí imú àti fìlà ère wọ̀nyẹn ṣe rí. Ohun tí Thomas Ona jẹ́ kó yé e ni pé òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, pé bí òun ṣe rí ayé tó yí òun ká ni òun ń gbẹ́ ẹ. Bascom kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1957.

Mo bi ara mi léèrè pé: kí ló dé tí tàdáwà ṣiṣẹ́ fún Thomas Ona, tí kò sì ṣiṣẹ́ fún mi? Mo gbìyànjú ẹ̀ o! Mo fi tàdáwà kun tafàtafà mi, ó ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ibẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀.

Igi ń mu, ike kì í mu

Igi kún fún ihò tín-tìn-tín, nítorí pé ojú ọ̀nà omi ni nígbà tí igi wà láàyè. Tí ẹ bá kan tàdáwà sí i, á fà á wọlé, gẹ́gẹ́ bí aṣọ òwú ṣe ń fa aró mu nínú ìkòkò aláró. Àwọ̀ inú ọ̀pọ̀ tàdáwà ti yọ́ pátápátá sínú omi, ó ń tẹ̀ lé omi lọ síbi tí omi bá lọ.

Ike kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Kò mu nǹkan kan. Nítorí náà, a nílò nǹkan méjì: lúbúlúbú àwọ̀ tí kì í yọ́, àti lẹ́ẹ̀ tí yóò so lúbúlúbú náà mọ́ ara ère. Ohun tí ọ̀dà jẹ́ nìyẹn. Nínú acrylic tí mò ń lò, tí mo rà nílé ìtajà tó ń ta nǹkan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ike ni lẹ́ẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Hóró ike tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló léfòó káàkiri nínú omi. Bí omi bá ṣe ń gbẹ, àwọn hóró náà á máa súnmọ́ra, wọ́n á fún ara wọn pọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo, lúbúlúbú àwọ̀ á há sí àárín wọn.

Ẹ ronú nípa gàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ sínú omi. Nígbà tí omi pọ̀, hóró kọ̀ọ̀kan ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ tí omi sì tán, ẹ ó bá a ní odidi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gàrí ṣì lè tú tí ẹ bá bu omi sí i. Acrylic tó bá ti gbẹ kò ní tú mọ́. Ìdí nìyí tí búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ kò bá fọ̀ kíákíá fi máa ń le bí ìgbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tú mólẹ́kù ọ̀pọ̀ àwọ̀ tó ń yọ́ sómi palẹ̀, ìdí tí ọ̀pọ̀ tàdáwà pupa fi ń ṣá nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ pupa Ìjagun tó ń ba bàtà wa jẹ́ lójoojúmọ́. Irin tó ti dípẹtà ló sọ ọ́ di pupa, oòrùn kò sì rí i gbé ṣe láti ayébáyé. Irú ìpẹtà yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò.

Omi orí ewé kókò

Ère kejì tí mo kùn, mo lo ọ̀dà gidi. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ó gbẹ, ó dán, mo yà á ní fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì mo fi èékánná kan ejìká rẹ̀, ọ̀dà náà bó bí awọ ẹ̀pà.

Kí ló fà á? Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń da ère. Ẹ ti rí àwọn tó ń da òpó kọnkéré rí: wọ́n máa ń fi òróró ẹ́ńjìnnì pa pákó kí kọnkéré má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń da ère náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú òróró yẹn sì máa ń kù sára ère. Omi àti òróró kì í rẹ́. Mólẹ́kù omi á fa ara wọn mọ́ra ju bí wọ́n ṣe ń fa òróró lọ, wọ́n á ká jọ di ìṣù róbótó, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń yí gbiri lórí ewé kókò. Ọ̀dà tí kò fẹjú balẹ̀ kò lè di nǹkan mú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ère mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, mo wá kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn wọ́n. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ yìí máa ń gbẹ ní ṣákiṣàki, ojú rẹ̀ kì í dán, àwọ̀ tó bá tẹ̀ lé e á sì rí ibi tí yóò fẹsẹ̀ tì.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni kí ọ̀dà ki jù. Onídán mi, mo fi ọ̀dà tó ki bí ìkọ́kọrẹ́ kùn ún, irùngbọ̀n àti ẹnu rẹ̀ sì pa pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ère tí wọ́n ń pè ní mílímítà 28 ń dúró fún ènìyàn tó ga tó nǹkan bíi mítà 1.68. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ère náà fi ìlọ́po 60 kéré sí ènìyàn. Tí ọ̀dà yín bá nípọn tó mílímítà 0.1 péré, tó tó bébà kan, ó dà bí ìgbà tí ẹ rẹ́ sìmẹ́ǹtì tó nípọn tó mílímítà 6 sí ènìyàn gidi lójú. Ṣé imú rẹ̀ á ṣì hàn?

Nítorí náà, ẹ fi omi díẹ̀ là á. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, á dà bí ẹni pé kò mú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kùn. Ìlẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan gbàǹgbà lọ. Ẹ sì ṣọ́ ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú ti kún fún omi, omi inú ọ̀dà kì í tètè rí ibi lọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà lè gbẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì kó tó kan ère rárá. Mo máa ń fi ike bo ọ̀dà mi nígbà ọyẹ́, mo sì máa ń fi tíṣù tútù sábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí orí fi gbọ́dọ̀ tóbi

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Tí ẹ bá gbé ère mílímítà 28 sí ibi tó jìnnà sí ojú yín tó sẹ̀ǹtímítà 50, bó ṣe tóbi lójú yín kò ju ti ènìyàn tó dúró sí mítà 30 lọ. Ìlọ́po 60 kan náà ni. Ẹ dúró sí òpin ọgbà kan, kí ẹ wo ẹni tó wà ní òdìkejì ní mítà 30. Ẹ mọ̀ pé ó wọ bùbá, àmọ́ ṣé ẹ rí ìpéǹpéjú rẹ̀? Ojú tó dá pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó bá kéré ju nǹkan bíi mílímítà 0.15 lọ láti sẹ̀ǹtímítà 50.

Ẹni tó bá kun ère bí ènìyàn gidi ṣe rí gẹ́lẹ́, ohun tó máa rí kò ní ju àbàwọ́n kan lọ. Ó pọn dandan kó sọ àsọdùn: kí ìṣẹ́po aṣọ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, kí etí aṣọ funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí kan náà ló mú kí àwọn tó ń ṣe ère wọ̀nyí sọ orí àti ọwọ́ wọn di ńlá.

Ibo la ti rí irú rẹ̀ rí? Nínú ère Yorùbá ni! Orí ènìyàn gidi máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, ó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí tiwa ju ọ̀rọ̀ ojú lọ, nítorí orí ni àyànmọ́ wà, ibi tí a bá sì pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ran ojú lọ́wọ́ pẹ̀lú. Akẹtẹ̀ ńlá ajẹ́lẹ̀ Thomas Ona jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Omi tó mọ ọ̀nà ilé

Báwo ni ẹ ṣe máa fi dúdú sínú ìṣẹ́po aṣọ tí kò fẹ̀ tó orí abẹ́rẹ́? Ẹ kò ní fọwọ́ ara yín fi í síbẹ̀ rárá. Ẹ po ọ̀dà dúdú kó ṣàn bí omi tíì, kí ẹ fi pa gbogbo ara ère náà. Yóò kúrò lórí ibi tó yọ, yóò wọ́ lọ sínú kòtò, àwọn ògiri kòtò náà á sì fà á mú síbẹ̀. Òjìji dé nìyẹn láìjẹ́ pé ẹ fà á.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún orí ibi tó tẹ́jú. Ẹ ti rí i tí tíì bá kán sórí tábìlì tó sì gbẹ: etí rẹ̀ ló máa ń dúdú, àárín rẹ̀ á mọ́. Ní 1997, Robert Deegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Etí ẹ̀kán omi ló ń yára gbẹ jù, etí náà kò sì sún kúrò níbi tó ti dì mú. Omi láti àárín gbọ́dọ̀ ṣàn wá síbẹ̀ láti dí àlàfo náà, yóò sì kó lúbúlúbú dání wá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí adágún ọ̀dà lórí ẹ̀yìn ẹṣin yín, ẹ tètè fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fà á kúrò.

Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń jókòó tì mí kùn. Lọ́jọ́ kẹrin nínú ọjọ́ méje yẹn, mo gbójú sókè mo rí i tó ń fi ètè ṣẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣoṣoro. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n." Òótọ́ ló sọ. Àyà mi já.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Láti nǹkan bí 1917, ní ìlú Orange ní New Jersey, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń fi ọ̀dà tí wọ́n po radium mọ́ kun ojú aago kó lè máa tàn lóru. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni bíi tiwa. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè ṣẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Radium jọ kálísíọ́ọ̀mù lójú ara, nítorí náà egungun ló gbé e pamọ́ sí. Eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Márùn-ún nínú wọn gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì gba owó ìtanràn ní 1928.

Kò sí radium nínú ọ̀dà wa lónìí, àmọ́ àwọn lúbúlúbú àwọ̀ kan ṣì ní májèlé nínú, òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ère onírin àtijọ́. A mọ ohun tí eruku òjé ń ṣe nílẹ̀ yìí: ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítorí náà, tíṣù tútù ni kí ẹ fi ṣẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi kọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń mu omi fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ń ha ère, ẹ fi nǹkan bo imú. Mo ti jáwọ́ nínú tèmi, ọmọ náà ló sì ń ṣọ́ mi báyìí.

Ọjọ́ keje

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo jókòó ti màmá, mo ṣí fóònù, mo fi lọ́yà tí Thomas Ona gbẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Lọ́yà rèé!" Mo ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn yí àwòrán náà, wọ́n wo adájọ́, wọ́n wo ọba. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n ká aṣọ tí wọ́n fi bo àwọn ère mi, wọ́n mú ẹlẹ́ṣin. "Èyí kò dára," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tó fi wọ eérú? Ṣé o kò lọ sí Ojúde Ọba rí ni?" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọ̀ aṣọ tí ẹgbẹ́ Régberégbe tiwọn ti wọ láti ọdún mélòó kan fún mi, àti bí ẹṣin àwọn ọmọ Balógun Kúkù ṣe máa ń dán nínú oòrùn lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Mo mú bébà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin mi ti wọ àlàárì báyìí, pẹ̀lú etí aṣọ aláwọ̀ wúrà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti padà sójú fèrèsé, òun àti tafàtafà, onídán àti obìnrin ọlọ́kọ̀. Àwọn ẹranko abàmì méjèèjì ni màmá kò gbà. Inú páálí ni wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò sì tíì rí àlàyé tí màá fi gbé wọn jáde.